Kí Ẹ Tó Pa Á: Wíwo Ètò Java Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lọ́wọ́

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fi irinṣẹ́ àyẹ̀wò wo ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi èdè Java kọ, nígbà tí ètò náà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan Ajégúnlẹ̀ wa yìí nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ó kàn wá gidigidi. Ibi tó ti kàn wá ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣòro kí èèyàn rìn láti Bọ́ńdárì dé Wílmà ládùúgbò wa yìí kó má pàdé ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ń ti èbúté Àpápá wá: ajẹ́ǹtì tó ń gba ẹrù jáde, awakọ̀ tírélà, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyá tó ń dáná tà lẹ́nu géètì. Kò sí kọ̀nténà kan tó ń jáde ní èbúté yẹn tí ìwé rẹ̀ kì í gba inú kọ̀ǹpútà kọjá. Lọ́dún 1981, àjọ ECOWAS, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílùú Èkó wa níbí nígbà náà, bẹ àjọ UNCTAD ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí wọ́n ran àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́wọ́ láti máa ṣe àkójọ ìṣirò ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló bí ètò tí wọ́n ń pè ní ASYCUDA. Lónìí, ó lé ní ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè àti agbègbè tó ti lò ó fún iṣẹ́ aṣọ́bodè, èdè Java sì ni wọ́n fi kọ ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ ASYCUDAWorld. Àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ wa lo ASYCUDA fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bọ́ sórí àwọn ètò mìíràn bíi NICIS àti B'Odogwu. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé ìbéèrè tó jáde láti Èkó ló bí irinṣẹ́ tí ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè ń lò. Ó yẹ kí ẹ̀yin ọmọ Èkó mọ̀ ọ́n.

Ẹ fi èbúté sílẹ̀, kí ẹ wá sí ilé ìwòsàn. Ní oṣooṣù, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àti àwọn ibùdó ìlera tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn máa ń ka iye aláboyún tó wá gba ìtọ́jú, iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, iye ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀. Orí ètò kan tó ń jẹ́ DHIS2 ni àwọn iye náà ń já sí. Yunifásítì Oslo ní Norway ló ń darí iṣẹ́ lórí rẹ̀, Nàìjíríà, Ghana àti Togo sì wà lára àwọn tó ń lò ó fún àkọsílẹ̀ ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. Java ni òun náà. Bí ó bá dákẹ́ lásìkò tí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ń sáré fi àkọsílẹ̀ oṣù ránṣẹ́, iye ọmọ tí kò tíì gba àjẹsára ládùúgbò yìí kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pín àjẹsára lákòókò.

Ó dára. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́? Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ náà: "Server ti down." Wọn á pe ọmọkùnrin kan lórí fóònù. Ọmọkùnrin náà á pa ètò náà, á tún un tàn, ètò náà á dìde, gbogbo èèyàn á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò tún dákẹ́. Wọn á tún pe ọmọkùnrin yẹn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́, tí ẹnì kan ń jí ní ìdájí láti pa ètò kó tó di pé àwọn oníbàárà dé. Kò sí ẹni tó bi ètò náà ní ohun tó ń ṣe é.

Ohun tí mo wá sọ lónìí ò ju ìyẹn lọ: ẹ bi í kí ẹ tó pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lọ́nà Àpápá sí Òṣòdì ti rí mẹkáníìkì tírélà lẹ́nu iṣẹ́. Bí dírẹ́bà bá ní ẹ́ńjìnnì òun ń dún lódìlódì, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í ní kó pa á. Á ní kó tàn án sílẹ̀, kó tẹ iná mọ́ ọn díẹ̀. Á wá dẹ etí sí i, á fọwọ́ kan páìpù, á wo àwọ̀ èéfín tó ń tú jáde. Ohun tó ń wá kò sí nínú ẹ́ńjìnnì tó ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá pa ètò Java tó dákẹ́ ṣe ti nu gbogbo ẹ̀rí ohun tó dá a dúró nù, nítorí inú mẹ́mórì ni ẹ̀rí náà wà, mẹ́mórì sì ń ṣófo ní kété tí ètò bá kú.

Java ní ànfààní kan tí ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà kò ní. James Gosling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 1991, wọ́n gbé e jáde fáráyé lọ́dún 1995. Lọ́dún 2010 ni iléeṣẹ́ Oracle ra Sun, tí Java sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ètò tí a fi Java kọ kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà. Alárinà kan wà tó ń jẹ́ JVM, òun ló ń ka ètò náà, tó ń fún un ní àyè nínú mẹ́mórì, tó ń pín iṣẹ́ fún un. Nítorí pé ọwọ́ JVM ni ohun gbogbo ń gbà kọjá, ó mọ ohun gbogbo: ó mọ iye nǹkan tó wà nínú mẹ́mórì àti irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, ó mọ ìlà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dé nínú ètò, ó mọ èyí tó ń dúró de èkejì. Àwọn tó kọ ọ́ sì ṣe é lọ́nà tí yóò fi máa dáhùn bí a bá bi í. Àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń bi í wà nínú àpò tó ń jẹ́ bin nínú JDK, àkójọ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò Java, tí ẹ ti gbé sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń lo java àti javac níbẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn yòókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n: jps, jcmd, jstack, jstat, jmap, jconsole.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí ojú mi tó. Iléeṣẹ́ kan wà ní Àpápá tí n kò ní dárúkọ. Ètò Java kan ni àwọn oníbàárà wọn, ajẹ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, fi ń tọpa ìwé ẹrù. Àárọ̀ á dára. Bí ọ̀sán bá pọ́n, ojú ìwé á kọ̀, kò ní ṣí, yóò máa yí bírí lójú fóònù, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30 á ní àṣìṣe wà. Owó ni èyí jẹ́ fún ajẹ́ǹtì, nítorí ọjọ́ tí kọ̀nténà bá fi jókòó kọjá àkókò, owó ìdádúró (demurrage) ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń gorí rẹ̀, owó àyè ti èbúté náà ń gorí rẹ̀. Àwọn kan ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àwọn kan ní server kéré, kí wọ́n ra ńlá. Pípa àti títàn ló ń gbà á sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Mo bẹ̀ wọ́n pé tó bá tún dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Nígbà tó dákẹ́, jps ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, kí n lè mọ nọ́ńbà ètò náà. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ jstack pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, mo sì da èsì rẹ̀ sínú fáìlì. Mo sinmi díẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ fiyè sí èyí: ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ̀ẹ̀kan á fi ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà hàn yín, kò lè fi hàn bóyá ó ń rìn tàbí ó dúró. Bí ẹ bá gba mẹ́ta tí àlàfo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá wà láàárín wọn, tí iṣẹ́ kan sì wà lójú ìlà kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti rí ibi tí ẹ ó wò.

Ohun tí jstack ń kọ sílẹ̀ ni ipò gbogbo thread tó wà nínú ètò. Thread ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ajẹ́ǹtì kan bá tẹ bọ́tìnnì, thread kan ni server yóò yàn láti dá a lóhùn. Èyí tí a kọ RUNNABLE sí lára ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ṣe tán láti ṣiṣẹ́. BLOCKED ń dúró de kọ́kọ́rọ́ (lock) tí thread mìíràn dì mú. WAITING àti TIMED_WAITING ń retí nǹkan. Bí thread méjì bá dì mọ́ ohun tí ara wọn ń wá, tí kò sí èyí tó fẹ́ jọ̀wọ́ tirẹ̀, jstack fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ sísàlẹ̀ fáìlì pé òun ti rí deadlock, á dárúkọ àwọn méjèèjì, á sọ ìlà tí wọ́n wà.

Nínú ọ̀ràn ti Àpápá yìí, kò sí deadlock. Orí Tomcat, server tó ń gbé ètò Java sórí wẹ́ẹ̀bù, ni ètò náà ti ń ṣiṣẹ́, Tomcat sì máa ń gbà kí 200 thread dá oníbàárà lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Gbogbo wọn pátá ló wà ní TIMED_WAITING, orí ìlà kan náà sì ni: HikariPool.getConnection. Ìtumọ̀ èyí ni pé gbogbo wọn ń dúró de ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé dátábéèsì. HikariCP, tó ń pín ọ̀nà yẹn fún wọn, kì í ní ju mẹ́wàá lọ àyàfi bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ bá fi kún un, ìṣẹ́jú àáyá 30 ló sì fi ń jẹ́ kí èèyàn dúró kó tó lé e padà. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú àáyá 30 tí àwọn ajẹ́ǹtì ń rí ti wá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀. Server ńlá kì bá tí wúlò fún wọn.

Ṣùgbọ́n ta ló kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ? Jstack kò lè sọ ìyẹn, torí ẹni tó kó wọn ti kúrò níbẹ̀. Ó fi àwọn tó ń dúró hàn wá, kò fi ẹni tó jẹ gbèsè hàn. HikariCP ní ètò kan fún èyí tó ń jẹ́ leakDetectionThreshold: bí ẹnì kan bá gba ọ̀nà tí kò dá a padà láàárín àkókò tí ẹ dá, yóò kọ ìlà tó ti gbà á sínú log, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ètò náà. A fi sí i. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni a pa ètò náà, a sì mọ ìdí tí a fi pa á. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, log ti sọ̀rọ̀. Ojú ewé kan wà tí wọ́n fi ń tẹ àkọsílẹ̀ ẹrù fún oníbàárà. Bí ìwé ẹrù kan bá wà tí wọn kò kọ ọjọ́ sí i, ètò náà á ta àṣìṣe, á sá jáde, kò sì ní dá ọ̀nà dátábéèsì padà. Ìwé mẹ́wàá tí kò lọ́jọ́, gbogbo ilé ti dákẹ́. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń tẹ àkọsílẹ̀ yẹn. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ lọ, try-with-resources tó ti wà nínú Java láti ọdún 2011, tó ń dá ohun tí a yá padà, ìbáà ta àṣìṣe ìbáà má ta.

Mo pẹ́ lórí ìyẹn nítorí pé ó wọ́pọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ọ̀ràn mẹ́mórì ni èkejì tó wọ́pọ̀.

JVM máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn nǹkan tí ètò bá dá, -Xmx ni a fi ń sọ ibi tí àyè náà gbọdọ̀ mọ. Ẹ̀ka kan tún wà nínú JVM tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní GC, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó ohun tí ètò kò lò mọ́ dànù. Kì í kó ohun tí ètò ṣì dì mú. Nítorí náà, bí ẹni tó kọ ètò bá ń to nǹkan sínú list tí kì í yọ wọ́n, GC kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ tẹ jstat -gcutil, kí ẹ fi nọ́ńbà ètò àti 1000 tẹ̀ lé e. Ìlà kan á máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo òpó tí wọ́n kọ O sí lórí, òun ni ìdá àyè àwọn nǹkan tó ti pẹ́, àti FGC, tó jẹ́ iye ìgbà tí GC ti gbá gbogbo ilé. Nínú ètò tó ní àlàáfíà, O á gòkè, á sì sọ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nínú èyí tó ń ṣàìsàn, bó ṣe ń sọ̀ náà ni ibi tó ń sọ̀ sí ń ga sí i, títí FGC yóò fi máa sáré, tí O kò sì ní sọ̀ mọ́. Lásìkò yẹn, GC ti gba gbogbo agbára ẹ̀rọ, ètò ti lọ́ra, OutOfMemoryError kò sì jìnnà mọ́. Ẹni tó bá fi mẹ́mórì kún un níbi yìí ti sún ọjọ́ síwájú ni, pẹ̀lú owó.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń pọ̀, ẹ fi jcmd pe GC.class_histogram, ẹ fi wákàtí kan sí i, ẹ tún pè é. Ẹ fi èkíní wé èkejì. Ohun tó ń pọ̀ tí kò yẹ kó pọ̀ á yọ jáde.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo wọn ni Flight Recorder. Orílẹ̀-èdè Sweden ni orírun rẹ̀, lára JVM kan tó ń jẹ́ JRockit, ó sì kọjá lọ́wọ́ iléeṣẹ́ BEA kó tó dé ọ̀dọ̀ Oracle. Owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó lò ó lẹ́nu iṣẹ́ gidi, títí Oracle fi gbé e fún gbogbo ayé pẹ̀lú JDK 11 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ó ń kọ ohun tó ń lọ nínú ètò sílẹ̀ láìdí i lọ́wọ́: àfojúsùn àwọn tó ṣe é ni pé kó má gbà ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára ètò. Jcmd, nọ́ńbà ètò, JFR.start, ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wo ohun tó ti kọ, JFR.dump, ẹ sì fi irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Mission Control ṣí fáìlì náà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni, gbogbo ètò Java tó ń sin aráàlú nílẹ̀ yìí, láti èbúté dé ilé ìwòsàn, ni Flight Recorder yóò wà lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò sí ìdí kan tí ìjọba fi lè ní kò sówó fún un.

Ìkìlọ̀ wà o, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbọ́ ọ dáadáa. Jmap lè da gbogbo mẹ́mórì ètò sínú fáìlì kan, heap dump ni wọ́n ń pè é. Ètò náà á dúró ní gbogbo ìgbà tó bá ń dà á, fáìlì náà sì lè tóbi tó mẹ́mórì tí ètò ń lò. Ẹ wo àyè tó kù lórí dísíìkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wúwo jù ni pé gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mórì ló wà nínú fáìlì yẹn: orúkọ aláìsàn, èsì àyẹ̀wò rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà, nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp pé kó bá òun wò ó ti tú àṣírí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo dátà àwọn aráàlú, ó sì kan irú fáìlì yìí. Bákan náà, ẹ má ṣí ojú ọ̀nà JMX, tí a ń gbà bá JVM sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà nítorí pé ẹ fẹ́ fi jconsole wo server láti ilé. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè ju wíwò lọ; ó lè pàṣẹ fún ètò náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń sọ lọ́kàn pé ibo làwọn ti fẹ́ rí server Tomcat tí àwọn yóò máa wò. Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ibí ni Paradigm Initiative, tí Gbénga Ṣẹ̀san dá sílẹ̀, ti gbé iṣẹ́ Ajegunle.org kalẹ̀, tí wọ́n fi kọ́ ọ̀dọ́ àdúgbò yìí ní kọ̀ǹpútà àti bí a ṣe ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún ẹ̀kọ́ yẹn ni wíwò yìí. Àwọn tó lè kọ ètò ti ń pọ̀. Àwọn tó lè jókòó ti ètò tí ẹlòmíràn kọ, kí wọ́n sì sọ ìdí tó fi dákẹ́, kò pọ̀, iṣẹ́ wọn sì wà káàkiri Àpápá yìí.

DHIS2 fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbé sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá gbà á, ẹ gbé e kí ẹ fi jcmd wò ó. Bí kò bá gbà á, ẹ kọ ètò kékeré kan tó ń to ọ̀rọ̀ sínú list tí kì í yọ ọ́. Ẹ fi -Xmx64m sí i kí ó má jẹ ẹ̀rọ yín run, ẹ fi -XX:+HeapDumpOnOutOfMemoryError náà sí i. Ẹ ṣí fèrèsé kejì, ẹ tẹ jstat, kí ẹ sì máa kọ iye O sínú ìwé bó ṣe ń gòkè. Nígbà tó bá kú, yóò fi fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí hprof sílẹ̀. Ẹ fi Eclipse Memory Analyzer ṣí i, ọ̀fẹ́ ni òun náà, kí ẹ wá list yẹn rí nínú rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú thread méjì tó di kọ́kọ́rọ́ tí ara wọn ń wá mú, kí ẹ sì ka ohun tí jstack kọ sísàlẹ̀. Ẹ mú àwọn fáìlì náà dání nígbà tí a bá tún pàdé. Kò sí dátà ẹnikẹ́ni nínú wọn, a ó jọ ṣí wọn lójú gbogbo èèyàn.

Mo ti ṣe tán láti gba ìbéèrè yín.